Òtútù ọyẹ́ kò ní kí ẹṣin má mu omi

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í sábà jáde lójú ewé yìí: omi tí ẹṣin ń mu nígbà tí òtútù bá dé.

Lóòótọ́, ẹṣin kò pọ̀ ní Àjàṣẹ́ àti Kétu. Eṣinṣin tó ń fa àìsàn oorun kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé nínú igbó. Ṣùgbọ́n bí a bá ti gba Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá lọ sí Tchaourou àti Parakou, ilẹ̀ ẹlẹ́ṣin ni a wọ̀ yẹn, àwọn ará wa sì pọ̀ níbẹ̀. Bí àwa tí a wà nísàlẹ̀ bá fẹ́ ṣe ayẹyẹ ńlá, òkè náà la máa ń ránṣẹ́ sí kí ẹṣin lè wá. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn wá.

Àwa tí a fi èdè Faransé kàwé, ìgbà mẹ́rin inú ọdún àwọn òyìnbó la kọ́kọ́ mọ̀ sórí kí ẹnikẹ́ni tó bá wa sọ̀rọ̀ ọyẹ́ ní kíláàsì. A mọ hiver lórí àwòrán: ilẹ̀ funfun, igi tí kò léwé, ẹṣin tí èéfín ń jáde nímú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹnì kan bá ní kí a ṣọ́ omi ẹṣin nígbà òtútù, a ó ní ọ̀rọ̀ àwọn ará Faransé àti Kánádà nìyẹn. Àwọn kan tó ń sin ẹṣin gan-an máa ń sọ pé, "Òtútù ti mú, òǹgbẹ kò gbẹ ẹ́." A kò gbà.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ òtútù ná. Koríko tútù ti tán, gbígbẹ ni ẹṣin ń jẹ. Omi inú ọpọ́n ti dì, tàbí kí ó tutù débi pé ẹṣin á kàn fi ètè kàn án, á sì yí orí padà. Oúnjẹ gbígbẹ á wá máa kó jọ nínú ìfun títí yóò fi dí, inú rírun á bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fọ́ omi dídì, tí wọ́n sì ń mú omi lọ́ díẹ̀. Wọn kì í gbẹ́kẹ̀ lé yìnyín ilẹ̀, nítorí nǹkan bí òṣùwọ̀n yìnyín mẹ́wàá ló ń yọ́ di òṣùwọ̀n omi kan.

Omi tiwa kì í dì. Apá yẹn kò kàn wá. Èyí tó kàn wá ni koríko gbígbẹ, ẹ jẹ́ ká sì ṣírò rẹ̀ bí ẹni wà níwájú pátákó. Ẹ mú ẹṣin kan tó wọn kílò 300. Lójúmọ́, ó nílò oúnjẹ tó tó nǹkan bíi kílò 6, bí a bá yọ gbogbo omi inú rẹ̀ kúrò. Nígbà òjò, kí ó tó rí kílò 6 yẹn nínú koríko tútù, yóò jẹ tó kílò 24, nítorí nínú kílò mẹ́rin koríko tútù, omi ni bíi mẹ́ta. Ìyẹn ni pé ó ti jẹ lítà omi 18 mọ́ oúnjẹ, láìtíì dé ìdí ọpọ́n. Bí ọyẹ́ bá dé, tó jẹ́ pòròpórò bàbà àti koríko gbígbẹ ló wà nílẹ̀, omi tó wà nínú oúnjẹ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju lítà kan lọ. Lítà 17 ti pòórá, olówó rẹ̀ sì ń sọ pé òǹgbẹ kò gbẹ ẹ́.

Òtútù òru ló ń tan ènìyàn jẹ. Oòrùn ọ̀sán ọyẹ́ ń jóni, atẹ́gùn rẹ̀ sì ń fa omi lára gbogbo ohun tó bá kàn. Ẹṣin tún wà lára àwọn ẹranko díẹ̀ tó ń làágùn dáadáa bí ènìyàn.

Èló wá ni kí ó mu? Bí ó bá kàn dúró jẹ́ẹ́, tí ojú ọjọ́ sì tura, lítà 5 fún kílò 100 ara rẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ dín. Lítà 15 nìyẹn fún ẹṣin wa yìí. Bí oúnjẹ bá gbẹ, tí oòrùn mú, tí wọ́n sì gùn ún, yóò tó 30 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀: bidon lítà 25 kan kò tó o. Abo tó ń fọ́mọ lọ́mú á tún ju ìyẹn. Ẹ má sì da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní àárọ̀ kí ẹ máa lọ; ikùn ẹṣin kéré sí ara rẹ̀, eruku á sì ti bo omi náà kó tó di ọ̀sán. Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí oúnjẹ rẹ̀. Ti àwọn tó ní ẹṣin tó ń làágùn kò gbọ́dọ̀ mu omi, ẹ jẹ́ kí ó mu.

Ẹ fa awọ èjìká rẹ̀, kí ẹ jù ú sílẹ̀: bí kò bá tètè padà sí ipò, omi ti dín lára rẹ̀. Bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá kéré, tó sì le, ẹ tètè ṣọ́ra. Bí ó bá ń wo ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, tó ń fi ẹsẹ̀ họ ilẹ̀, tó ń yí nílẹ̀, ẹ pe dókítà ẹran lójú ẹsẹ̀. Ẹṣin kì í bì. Ohun tó bá há sínú rẹ̀ kò ní lè gba ẹnu jáde.

Gaani Nikki ń bá Maulud rìn ni, nítorí náà ó ń sún síwájú ní nǹkan bí ọjọ́ 11 lọ́dọọdún. Ní 2014 àti 2016, inú ọyẹ́ ló bọ́ sí. Ní 2024, oṣù kẹsàn-án ni, koríko tútù wà. Àwọn ayẹyẹ kéékèèké ìgbà ọyẹ́ ló ń bà wá lẹ́rù. A ti wà níbi ọ̀kan, a kò ní dárúkọ ìlú. Wọ́n gbé gàárì àti aṣọ ńlá lé ẹṣin láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Onílù gbowó, ẹni tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá gbowó, ẹni tó ń ya fọ́tò gbowó. A kò rí ọpọ́n omi kan. Ẹṣin kan dùbúlẹ̀, àwọn èrò ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó ti sú u. A máa ń ní omi kò lọ́tàá. Ó dà bíi pé a yọ ẹṣin kúrò níbẹ̀.

Ẹnì kan á ní kànga ń gbẹ, ènìyàn ni kó kọ́kọ́ mu. Òtítọ́ ni. Àwa olùkọ́ mọ̀ ọ́n ju ẹlòmíràn lọ, nítorí bí omi bá jìnnà, àwọn ọmọ wa ni kì í tètè dé kíláàsì. Bidon tó kún wọn kílò 25. Orí ọmọ ọdún mẹ́wàá kọ́ ni ibi tó yẹ kí omi ẹṣin gbà dé. Ẹni tó bá fẹ́ gùn ún ni kó san owó kẹ̀kẹ́ tó máa gbé omi náà wá. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ayẹyẹ, tí ẹ bá fẹ́ pe ẹṣin mẹ́wàá lọ́dún yìí, ẹ kọ bidon 15 sínú ìwé ìnáwó fún ọjọ́ kan, kí ẹ kọ ọ́ ṣáájú owó onílù.