Kílóráìdì Sódíọ̀mù Ni, Kì í Ṣe Sódíọ̀mù Kílóráìdì

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ iyọ̀ ọbẹ̀ la gbé wá sí ojú ìwé yìí, ẹ má sì rò pé ìwé àwọn ará ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì lẹ ṣì mú. Gbogbo ẹni tó bá ti jókòó ní kíláàsì kẹ́místìrì rí ló mọ̀ pé NaCl ni wọ́n ń kọ fún iyọ̀. Ìbéèrè tiwa ni pé, bí a bá fẹ́ ka NaCl yìí lédè Yorùbá, báwo ni ká ṣe pè é? Ọ̀pọ̀ nínú yín á dáhùn pé sódíọ̀mù kílóráìdì. Èrò tiwa ni pé orúkọ yẹn kò bá gírámà Yorùbá mu, iṣẹ́ àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè sì ni láti sọ bẹ́ẹ̀ síta, nítorí àwọn onímọ̀ kẹ́místìrì kò ní bá wa sọ ọ́.

Ibi tí a ti wá ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ká wa lára. Àwa mẹ́ta tí a pawọ́ pọ̀ kọ èyí, ọmọ Ìfànyìn ni wá, lágbègbè Plateau ní orílẹ̀-èdè Benin. Ẹni tó bá dé Ìgólò lọ́dọ̀ wa, ẹnubodè ló kù kó kọjá, ó ti wọ Ìdírókò nílẹ̀ Nàìjíríà nìyẹn. Ẹbí kan náà ló wà ní ìhín àti ní ọ̀hún. Ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ tiwa ní iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní PCT, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń kọ́ àwọn ọmọ ọ̀hún ní kẹ́místìrì. Bí ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò bá pàdé nígbà ọlidé, tí ọ̀kan ń múra fún BEPC, tí èkejì ń múra fún WAEC, wọ́n lè jọ kọ NaCl sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó yé àwọn méjèèjì. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá la ẹnu. Ọ̀kan á ní "chlorure de sodium", èkejì á ní "sodium chloride", oníkálukú á sì máa wo ẹnìkejì bí ẹni tó ń ka nǹkan sódì. Èdè tí wọ́n jọ ń sọ nílé nìkan ni wọn kò lè fi pè é.

Ẹ jẹ́ ká wá wo gírámà náà. Nínú àpólà-orúkọ Yorùbá, orí ló ń ṣáájú, ẹ̀yán a sì tẹ̀ lé e. Ilé Adé là ń wí, a kì í wí pé Adé ilé. Nínú NaCl, kílóráìdì ni orí. Irú kílóráìdì tó jẹ́ ni sódíọ̀mù ń sọ fún wa, ẹ̀yán ajórúkọ ni. Gẹ̀ẹ́sì a máa fi ẹ̀yán ṣáájú orí, ìdí nìyẹn tó fi ń wí pé "sodium chloride" gẹ́gẹ́ bó ṣe ń wí pé "goat meat". Ẹni tó bá gbé ètò yẹn wọ inú Yorùbá láì yí i padà, ewúrẹ́ ẹran ló ń tà. Ètò Faransé ló bá tiwa mu níhìn-ín. Kì í ṣe pé a fẹ́ràn Faransé ju Gẹ̀ẹ́sì lọ (àwọn akẹ́gbẹ́ wa ará Nàìjíríà, ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ ń bọ̀ tí ẹ ó fẹ́ràn). Gírámà wa ló ní kí á wí pé kílóráìdì sódíọ̀mù.

Àwọn kan ti sọ fún wa pé fọ́múlà fúnra rẹ̀ ló fi Na ṣáájú, pé bí a bá ń ka orúkọ láti ẹ̀yìn wá síwájú, ọ̀rọ̀ náà á dojú rú mọ́ ọmọdé lọ́wọ́. A kò gbà. Yorùbá tí ń kọ 16 kì í kà á bó ṣe kọ ọ́. Mẹ́rìndínlógún ló ń pè é: ó mú ogún, ó yọ mẹ́rin níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí 4 kò sí 20 nínú ohun tó wà lórí ìwé. Ọmọ ọdún méje ń ṣe é lójoojúmọ́, orí kò fọ́ ọ. Àwọn Faransé pàápàá, láti 1787 tí Guyton de Morveau, Lavoisier, Berthollet àti Fourcroy ti gbé ìwé ìsọlórúkọ wọn jáde ní Paris, orí ló ń ṣáájú nínú orúkọ wọn. Nígbà tí Berzelius ará Sweden wá gbé àmì onílẹ́tà tí à ń lò lónìí kalẹ̀ ní nǹkan bí 1813 sí 1814, wọn kò tìtorí fọ́múlà yí orúkọ wọn padà. Ojú ń ka fọ́múlà, ẹnu ń pe orúkọ, kò sí òfin kan tó ní kí méjèèjì máa tò bákan náà.

Àmì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má fọwọ́ kàn án. A ti gbọ́ àbá pé kí a máa kọ Ir fún irin àti B fún bàbà. Àbá yẹn kò dára. B ti ní olówó, bórọ́nì ni. Ir náà ti ní olówó, irídíọ̀mù ni. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn àmì kan sún mọ́ ilé wa ju bí a ti rò lọ. Na, "natrium" ni wọ́n gé kúrú, "natrium" sì wá láti ara "natron", ohun kan náà tí à ń bu sínú ọbẹ̀ ilá tí à ń pè ní káún. K, "kalium" ni, láti inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó jẹ mọ́ eérú. Orúkọ pọ̀tásíọ̀mù pàápàá, eérú inú ìkòkò ló bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ní 1807 ni Humphry Davy fi iná mànàmáná yọ méjèèjì jáde, ọ̀kan láti inú ohun tí wọ́n ń rí nínú eérú, èkejì láti inú sódà. Àwọn ìyá wa ní Ìfànyìn tí ń sun ṣùkù ẹyìn, tí ń sẹ́ omi eérú rẹ̀ láti fi se ọṣẹ, K₂CO₃ ni wọ́n ń sẹ́. Bí olùkọ́ bá ń sọ fún ọmọ pé "Látìn ni K" tó sì dákẹ́ síbẹ̀, ó ti fi àlàyé tó dára jù lọ sílẹ̀.

Ní ti orúkọ àwọn ẹ́límẹ́ńtì, èyí tó bá ti wà nílẹ̀ ká lò ó: irin, bàbà, òjé, wúrà, fàdákà, imí-ọjọ́. Èyí tí kò bá sí, ká yá a, ká má ṣe dá àbá pé a fẹ́ túmọ̀ rẹ̀. Ẹ wo ọ́síjìn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gíríìkì ni ohun tí ń dá kíkan sílẹ̀, nítorí Lavoisier gbà pé kò sí ásíìdì tí kò ní ọ́síjìn nínú. Ní 1810 Davy sọ fún ayé pé ẹ́límẹ́ńtì ni kílórínì, kò ní ọ́síjìn kankan nínú, bẹ́ẹ̀ ni HCl sì kan bí nǹkan míì. Àwọn ará Jámánì ti túmọ̀ orúkọ náà sí "Sauerstoff", àṣìṣe Lavoisier sì wà lẹ́nu wọn títí dòní. Ọ̀rọ̀ àyálò kò ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lórí.

Èwo wá ni ká yá, ti Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Faransé? Níbí la ti bá àwọn ará Nàìjíríà lọ: èyí tó bá sún mọ́ àmì jù ni ká mú. N ni àmì náítírójìn. Faransé ń pè é ní "azote", tó túmọ̀ sí ohun tí kò sí ẹ̀mí nínú rẹ̀. Bí a bá sọ ọ́ di Yorùbá, asọ́ọ̀tì ni yóò dà, nítorí a kò ní ìró z, ọmọ tó bá sì gbọ́ asọ́ọ̀tì kò ní mọ ibi tí N ti wá. Náítírójìn ló yẹ wá.

Ṣùgbọ́n nínú ìparí orúkọ, ẹnu àwa mẹ́ta kò kò. Tí a bá yá "sulphide", "sulphite" àti "sulphate" láti inú Gẹ̀ẹ́sì, súlífáìdì, súlífáìtì àti súlíféètì ni wọn yóò dà lẹ́nu wa. D àti t nìkan ló ya méjì àkọ́kọ́ sọ́tọ̀. Ní kíláàsì tí ọgọ́ta ọmọ jókòó sí, ta ni yóò gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn láti ẹ̀yìn? Ti Faransé á di súlífúrù, súlífíìtì, súlífáàtì, fáwẹ́lì ló ya gbogbo wọn sọ́tọ̀. Méjì nínú wa fara mọ́ ti Faransé. Ẹnìkẹta ní súlífúrù á dàrú mọ́ orúkọ imí-ọjọ́ fúnra rẹ̀. A kò tíì parí àríyànjiyàn yẹn.

Ibi tí a ti fẹnu kò ni ti iye. CO₂ ni èémí tí à ń mí síta. CO ni èyí tí jẹnẹrétọ̀ ń tú jáde, tó ń pa ènìyàn sójú oorun nínú yàrá tí wọ́n tì pa. Orúkọ tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ kò wúlò. Bí a bá wí pé ọ́kísáìdì kábọ́ọ̀nù oníméjì, èwo ló jẹ́ méjì? Ẹ rántí ilé ọba ńlá: ṣé ilé ló tóbi ni, àbí ọba? Kí iye máa tẹ̀ lé ohun tó ń kà tààrà, kí "ti" sì wà láàárín: ọ́kísáìdì oníméjì ti kábọ́ọ̀nù, ọ́kísáìdì ẹlẹ́yọ kan ti kábọ́ọ̀nù. Níbi tí kò bá sí iye, a lè yọ "ti" kúrò.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé eré àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni gbogbo èyí, kó lọ sí ìdí àwọn tí ń fi sódà ṣe ọṣẹ lẹ́bàá ẹnubodè. Ike kan lè wá láti Nàìjíríà tí a kọ "caustic soda" sí lára, òmíràn láti Kùtọnu tí a kọ "soude caustique" sí. NaOH ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n "soda" lórí ìwé Faransé, ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni, "potasse" sì jẹ́ KOH. Gíráàmù 40 NaOH àti gíráàmù 56 KOH ló ń ṣe iṣẹ́ kan náà lára epo. Ẹni tó bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì láì yí òṣùwọ̀n padà, yálà epo á ṣẹ́kù tàbí ọṣẹ á máa bó awọ ara. Ọmọ kékeré tó bá sì gbé ike NaOH mu, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ló ń jó. Háídírọ́kísáìdì sódíọ̀mù àti háídírọ́kísáìdì pọ̀tásíọ̀mù, tí a kọ sára ike lédè tí oníṣòwò àti oníbàárà jọ ń sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́.

Àwọn àgbà wa ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, ló fún wa ní ọ̀rọ̀ bí àpólà àti ẹ̀yán tí a lò lókè yìí. Ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni wọ́n dojú kọ. Ní Ifẹ̀, láti 1970, ètò Fáfúnwá fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà kéde pé ìjọba ti fagi lé ìlànà 2022 tó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó ní èdè abínibí ló ń fa ìjákulẹ̀ nínú ìdánwò. Lójú tiwa, ìwé tó ní ọ̀rọ̀ tó pé nínú ló ṣọ̀wọ́n, kì í ṣe èdè ló ní àìsàn.

A ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ogún fọ́múlà, èyí tí ọmọ ìhín àti ọmọ ọ̀hún ń bá pàdé jù. A kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan ní àkọtọ́ méjì, ti Nàìjíríà àti ti Benin tó ń lo ɛ, ɔ, sh àti kp, nítorí "pọ̀tásíọ̀mù" lójú ọmọ tiwa gbọ́dọ̀ ní kp níwájú. Ẹni tó bá ní àbá lórí súlífúrù, kó kọ ọ́ sí ìwé pélébé kó fi lé olóòtú lọ́wọ́ kí ìdánwò tó wọlé.