Ta Ni Ń Ṣọ́ Ọmọ Létí Omi?

   

Ìsinmi Kérésì kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ti ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sílé. Lẹ́yìn ìpàdé tó kọjá, ìyá kan nínú wa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi dígí inú omi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí ó bo ojú mọ́ imú, pẹ̀lú ọ̀pá tí a ń ti ẹnu mí sí nígbà tí ojú bá wà nínú omi. Ó bi mí pé etíkun wo ní Èkó ni òun lè mú wọn lọ tí wọn yóò fi rí ẹja bí wọ́n ti rí i nínú tẹlifíṣọ̀n. Mo ní kí ó jẹ́ kí n fi èsì rẹ̀ síbí, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti kàn mí rí.

Ní Kérésì ọdún 2018, àwa náà gbé irú dígí yìí lọ sí etíkun kan ní Èkó. Ọmọ mi obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Gbogbo ẹbí ọkọ mi ló bá wa lọ. Àgbà mẹ́sàn-án ni wá. A tẹ́ ẹní, a ṣí ìkòkò ìrẹsì. Ìyá ọkọ mi wí fún mi pé, "Ìyàwó mi, má jẹ́ kí àwọn ọmọ yìí jìnnà sí ọ o."

Mo dáhùn pé, "Ẹ má ṣèyọnu, Màmá. Gbogbo wa la ń wò wọ́n."

Omi kò ju orúnkún ọmọ náà lọ. Ó dojú bolẹ̀ láti wo ìsàlẹ̀, ìgbì kan dé, nígbà tí ìgbì náà sì ń padà, ó gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lọ. Kò ké. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa nìyẹn: ọmọ tí omi ń gbé lọ kì í sábà ké, nítorí kò rí èémí tí yóò fi ké. Èmi ń bu ọbẹ̀. Ọmọkùnrin kan tí ń fi ẹṣin gbé àwọn aláfẹ́ ló ju okùn ẹṣin sílẹ̀, tó sáré wọ inú omi, tó fi aṣọ ọrùn rẹ̀ fà á jáde. Ó bì, ó sunkún, ó yè. Mo wo ojú àwa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Olúkúlùkù ti rò pé ẹnìkejì òun ló ń ṣọ́ ọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni omi pa ní gbogbo ayé ní ọdún 2021, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́rin wọn. Mo ti ka iye yìí lẹ́ẹ̀mejì, oorun kò sì kùn mí lóru ọjọ́ náà.

Nítorí náà, ìyá, èsì mi ni pé kí o má gbé dígí náà lọ sí òkun Èkó. Ìgbì tí ń fọ́ létí òkun wa ti ọ̀nà jíjìn wá láti ìhà gúúsù òkun Àtìláńtíkì, ilẹ̀ etíkun náà dà gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, omi tó bá sì gùn wá sókè ní láti wá ọ̀nà padà. Níbi tí ó bá ti rí àyè, yóò ṣàn padà bí odò sínú alagbalúgbú omi. Ẹni tí irú ìṣàn bẹ́ẹ̀ bá gbé kò gbọdọ̀ bá a jà. Kí ó léfòó, kí ó lúwẹ̀ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ títí yóò fi bọ́ kúrò nínú rẹ̀. Ta ni yóò kọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ní èyí? Àwọn àgbà wa tí ń sọ̀rọ̀ Bar Beach àtijọ́ mọ ohun tí mo ń wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti rọ iyanrìn dí òkun tó wà níwájú rẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ Eko Atlantic sórí rẹ̀.

Ẹja pàápàá, ọmọ kò ní rí i. Omi ọ̀sà àti ẹrẹ̀ odò ń da òkun wa rú. Àwọn ẹja aláràbarà inú tẹlifíṣọ̀n ń gbé láàárín ìbátan iyùn tí àwọn ìyá wa ń so mọ́ ọrùn, ohun abẹ̀mí ni, omi gbígbóná tó mọ́ gaara ló sì ń fẹ́. Àwọn alhájì wa tí wọ́n ti gba Jidda kọjá ti dé etí ọ̀kan nínú irú òkun bẹ́ẹ̀ láìmọ̀: Òkun Pupa ni.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí a ń wá omi tó mọ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn? Ìsun Wikki wà ní Yankari, ní ìpínlẹ̀ Bauchi tó múlé gbè wá, níbi tí wọ́n ti ń gba àlejò láti ọdún 1962. Abẹ́ àpáta ni omi náà ti ń sun, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 31 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ́sàn-án lóru, ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ iyanrìn, a sì ń rí i kedere. Kò sí ìgbì. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí gan-an ló dára jù, nítorí àwọn erin ń wá omi mu nítòsí. Ẹ bèèrè bí ọ̀nà ti rí lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ kí ẹ tó gbéra, ẹ má rìn lóru, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ wọ omi mìíràn nínú igbó náà, nítorí erinmi ń bẹ nínú odò. Ẹ di oúnjẹ yín mọ́ra pẹ̀lú: àwọn ọ̀bọ ńláńlá ibẹ̀ kò mọ ti ẹni tó ni í. Àkàrà wa, odindi ike kan, ni wọ́n gbé lọ.

Kò tán síbẹ̀ o, ibi tí omi náà ti jìn ju ọmọ lọ wà. Nígbà tí a lọ ní ọdún 2020, a mú fìlà pupa kan dání. Ẹni tó bá dé e ni ń ṣọ́ ọmọ: kì í jẹun, kì í wo fóònù, ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè tó ọmọ nínú omi. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, yóò bọ́ ọ dé ẹlòmíràn lórí, ẹni náà yóò sì wí pé, "Ó ti di tèmi." Bàbá wọn kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n òun ló dé e pẹ́ jù.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni a ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nínú bàsíà nílé. Ẹ gbé dígí lé ojú ọmọ láìfi okùn rẹ̀ kọ́ orí, kí ó fa imú díẹ̀. Bí dígí náà bá lẹ̀, ó bá a mu. Ẹ ká irun kúrò lábẹ́ rẹ̀. Itọ́ díẹ̀ tí a fi nu inú rẹ̀, tí a sì ṣàn, kì í jẹ́ kí ó ṣú. Ọ̀pá ìmí gbọ́dọ̀ jẹ́ kúkúrú, ti ọmọdé, nítorí nínú ọ̀pá gígùn, afẹ́fẹ́ tí ọmọ ti mí jáde ni yóò tún máa fà wọlé. Àbúrò rẹ̀ kò lè fi eyín di ẹnu ọ̀pá náà mú, a sì yọ ọ́ kúrò. Dígí nìkan tó o. Ẹ fi ẹ̀wù tí ń múni léfòó wọ̀ wọ́n, kì í ṣe rọ́bà tí a ń fẹ́ sí apá, ohun ìṣeré nìyẹn. Bí ọmọ bá sì mu omi, tí ó ń húkọ́ ṣáá tàbí tí mímí ń nira fún un, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ọmọbìnrin mi kò fẹ́ wọ omi ní Wikki lọ́jọ́ kìíní. A kò fi ipá mú un. Lọ́jọ́ kejì ó di ọwọ́ mi mú, ó dojú bolẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀, mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ nínú ọ̀pá náà. Nígbà tó gbé orí sókè, ó ní, "Mọ́mì, ẹ wo ẹsẹ̀ yín! Ó tóbi bíi ti erin!" Òótọ́ ni, dígí a máa mú kí nǹkan inú omi tóbi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta ju bó ti rí lọ.

Ìyá tó bi mí, mú àwọn ọmọ wá sílé mi ní Sátidé lẹ́yìn aago mẹ́ta, pẹ̀lú dígí wọn. Bàsíà ńlá wà. Fìlà pupa náà ṣì wà pẹ̀lú.