Òjò Palmgrove Kò Sí Nínú Máàpù

Bí àkókò òjò bá dé, àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ni ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ká lára jù ní gbogbo àyíká Palmgrove ní Èkó. Bébà ni ọjà wọn, omi sì ni ọ̀tá bébà. Kí ìwé ìpè ìgbéyàwó tàbí kàlẹ́ńdà tí wọ́n tẹ̀ tán tó jáde kúrò lábẹ́ òrùlé, fóònù ni ọ̀pọ̀ wọn ń kọ́kọ́ wò báyìí, kí wọ́n tó gbójú sókè wo sánmà.

Ohun tí wọ́n ń wò náà dára lójú. Lórí Windy tàbí Ventusky, àwọn máàpù ojú ọjọ́ orí fóònù, gbogbo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà á tẹ́ rẹrẹ síwájú ẹni, afẹ́fẹ́ á máa ṣàn, àwọ̀ búlúù àti àwọ̀ ewé á sì máa ti ìhà Ìjẹ̀bú rìn bọ̀ wá sí Èkó. Èèyàn lè fi ìka sún aago síwájú kó wo ohun tí ọ̀la máa mú wá. Ó lè fẹ máàpù náà títí orúkọ Palmgrove á fi yọ. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó bá rí orúkọ àdúgbò rẹ̀ tí àwọ̀ òjò bò ó á gbà pé ẹ̀rọ kan ti wọn òjò àdúgbò náà. Kò sí ohun tó jọ ọ́. Máàpù náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ìṣirò ni, ọ̀nà jíjìn sì ni wọ́n ti ṣe é. Àfi kí Ṣómólú àti Bàrígà ní òṣùwọ̀n òjò tiwọn, kí iye tó bá sọ sì wà níta fún gbogbo ayé láti lò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwòrán náà á máa dán sí i ni, kò ní mọ òjò ibẹ̀.

Windy, tí Ivo Lukačovič, ọmọ ilẹ̀ Czech, dá sílẹ̀ ní 2014, kì í wọn òjò. Iṣẹ́ àwòrán ni tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ tó ní kọ̀ǹpútà ńláńlá ni iye tó fi ń ya àwòrán ti ń wá: GFS ti Amẹ́ríkà, ICON ti Jámánì, àti ti ECMWF, àjọ tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù dá sílẹ̀ ní 1975, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Reading nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kọ̀ǹpútà wọn á pín ojú ayé sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, á sì ṣírò ooru, ọ̀rinrin, afẹ́fẹ́ àti òjò fún igun kọ̀ọ̀kan. Igun ECMWF fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 9 ní ìbú àti òòró. Nínú igun kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀, Palmgrove, Onípáànù, Fádéyì, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Ṣómólú àti Bàrígà, pẹ̀lú apá kan ọ̀sà, lè wà pọ̀, kí gbogbo wọn sì gba iye òjò kan náà. Èyí tí Amẹ́ríkà ń kó síta lọ́fẹ̀ẹ́ láti inú GFS tún gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ: nǹkan bíi kìlómítà 28. Ìyẹn tó láti Victoria Island dé Agége.

Òjò Èkó kì í tẹ̀ lé irú igun bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì BRT ní Fádéyì lábẹ́ òjò líle lè sọ̀ kalẹ̀ ní Palmgrove kó bá ilẹ̀ gbígbẹ. Máàpù kò lè fi èyí hàn, nítorí pé ṣe ló máa ń fi àwọ̀ tẹ́ ààrin iye kan sí èkejì kó lè jọ̀lọ̀ lójú. Kò sẹ́ni tó wọn ohunkóhun ní ààrin yẹn. Àwọ̀ tó jọ̀lọ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí èèyàn fura.

Kọ̀ǹpútà pàápàá kò lè ṣírò ọ̀la láìmọ òní. Ìdí nìyí tí WMO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ojú ọjọ́, fi fẹnu kò ní 2021 pé ó kéré tán, kí ibùdó ìwọ̀n kan máa wà ní kìlómítà 200 sí èkejì ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, kó sì máa ránṣẹ́ ní wákàtí-wákàtí. Fún ẹni tó ń ṣírò fún gbogbo ayé, ó tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbéra ní Èkó tó rin kìlómítà 200 lọ́nà tààrà sí àríwá tó yà díẹ̀ sí ìlà-oòrùn, ẹnu bodè Ògbómọ̀ṣọ́ ló máa bá ara rẹ̀. Ibùdó pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, tí àwọn awakọ̀ òfurufú mọ̀ sí DNMM, kò tó kìlómítà mẹ́wàá sí Palmgrove, ó sì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fún ọkọ̀ tó fẹ́ balẹ̀. Ní ti gọ́tà òpópónà Bajulaiye ní Ṣómólú, bí ìlú mìíràn ló rí.

Ní 2018, Peter Vogel, Peter Knippertz, Andreas Fink àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń wo máàpù ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà mọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n kó àsọtẹ́lẹ̀ òjò tí àwọn kọ̀ǹpútà ńlá wọ̀nyí ṣe fún ilẹ̀ olóoru Áfíríkà tó wà lókè ìlà agbedeméjì ayé, wọ́n fi wé òjò tó rọ̀ níbẹ̀. Wọ́n rí i pé bí àsọtẹ́lẹ̀ náà ṣe ń jáde ní tààrà láìtún un ṣe, kò sàn ju kí èèyàn kàn wo àkọsílẹ̀ àwọn ọdún tó ti kọjá, kó ka iye ìgbà tí òjò máa ń rọ̀ ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn onímọ̀ náà kò gbọ́n. Òjò ilẹ̀ wa ni kò rí bíi ti Yúróòpù, níbi tí ìjì ńlá ti ń gba orí òkun bọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan tí gbogbo ènìyàn á ti rí i. Níhìn-ín, ooru ọ̀sán lè gbé ìkùukùu dìde ní agogo méjì, kó rọ̀ ní agogo mẹ́rin, kó sì dá kí ilẹ̀ tó ṣú. Igun kìlómítà 9 kò lè mú un.

Àwọn kan á ní sátẹ́láìtì ti yanjú ìyẹn. Òótọ́ ni pé Èkó wà níbi tó dára fún un. Meteosat ti Yúróòpù dúró ní nǹkan bíi kìlómítà 36,000 lókè òkun tó wà ní gúúsù ilẹ̀ Gánà, nítorí náà Accra àti Èkó wà lára ìlú ńlá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lábẹ́ ojú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Èyí tí wọ́n gbé lọ sókè ní oṣù Kejìlá 2022 ń ya àwòrán ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, ó sì ń rí mọ̀nàmọ́ná. Síbẹ̀, orí ìkùukùu ló ń rí. Bí orí náà bá ga tó sì tutù, wọ́n á fojú bù ú pé òjò ń bẹ nísàlẹ̀. Ìkùukùu tí òjò rẹ̀ ti dá lè ṣì tẹ́ lókè fún wákàtí púpọ̀. Òjò oṣù Keje tó ń ti etí òkun wá sì lè máa rọ̀ láti inú ìkùukùu tí kò ga rárá. Rédà ló ń rí òjò fúnra rẹ̀, rédà gbogbo Áfíríkà tó wà lákọsílẹ̀ WMO kò sì tó 40, nígbà tí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ní 2025, Google bẹ̀rẹ̀ sí í fi òjò wákàtí díẹ̀ síwájú han àwọn ará Áfíríkà, sátẹ́láìtì ló sì fi kọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ nítorí rédà ilẹ̀ kò tó. Ó dára, ó sì yẹ kí a kí wọn. Ta ni yóò wá sọ fún Google pé ohun tó sọ nípa Bàrígà lánàá kò rí bẹ́ẹ̀?

Amẹ́ríkà tó ní rédà káàkiri gan-an kò gbára lé rédà nìkan. Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje 1997, òjò kan rọ̀ ní Fort Collins ní ìpínlẹ̀ Colorado, ó sì pa èèyàn márùn-ún. Nígbà tí Nolan Doesken àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Colorado ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ìlú iye tó rọ̀ lágbàlá wọn, wọ́n rí i pé òjò tó lé ní mìlímítà 350 ló rọ̀ ní apá ìwọ̀-oòrùn, bẹ́ẹ̀ apá ìlà-oòrùn ìlú kan náà gba nǹkan bíi 50 péré. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ CoCoRaHS. Ẹni tó bá fẹ́ á ra ike òṣùwọ̀n òjò, á gbé e kọ́ sára òpó ní gbangba àgbàlá rẹ̀, á sì máa fi iye tó bá nínú rẹ̀ ránṣẹ́ láràárọ̀. Olùkọ́, àgbẹ̀, ọmọ iléèwé, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, gbogbo wọn ló wà ńbẹ̀. Lónìí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń ṣe é ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ìjọba Amẹ́ríkà sì ń lo iye tí wọ́n bá fi ránṣẹ́.

Kí ni Ṣómólú kò lè ṣe nínú ìyẹn? Iléèwé girama wà ní Palmgrove, ní Bàrígà àti ní Àkókà, Yunifásítì Èkó sì wà nítòsí wọn. NiMet, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, ní ilé ẹ̀kọ́ ní Òṣòdì, tí kò jìnnà síbẹ̀. TAHMO, tí Nick van de Giesen láti Netherlands àti John Selker láti Amẹ́ríkà jọ bẹ̀rẹ̀, ti fi ọ̀pọ̀ ibùdó ìwọ̀n sínú ọgbà iléèwé ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mélòó kan, fún ìdí tó hàn kedere: iléèwé ní odi, ó ní olùṣọ́, ó sì ní ọmọ tó fẹ́ mọ̀ sí i. Bí wọ́n bá ń bẹ̀rù pé olè á yọ pánẹ́ẹ̀lì oòrùn ara ẹ̀rọ, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ike lásán tí kò lo bátìrì. Ìyẹn kò ní ohun tí olè máa tà.

Àwọn kan tún máa ń ní òjò àná ni òṣùwọ̀n ń sọ, òjò ọ̀la ni aráàlú fẹ́ mọ̀. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì ro ti gọ́tà. Mìlímítà òjò kan lórí mítà kan ní ìbú àti mítà kan ní òòró jẹ́ lítà omi kan. Nítorí náà, ilé Ṣómólú tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ mítà mẹ́wàá sí mẹ́wàá á da lítà 5,000 sílẹ̀ bí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀. Táǹkì onílítà 1,000 márùn-ún nìyẹn, láti orí òrùlé kan. Iyanrìn tí ì bá mu ún kò sí mọ́. Kọnkéré ti bo àgbàlá, ilé fara mọ́ ilé. Gbogbo rẹ̀ á wọ gọ́tà, á forí lé kánàá, á sì wá ọ̀nà lọ sínú ọ̀sà. Bí ọ̀sà bá ti kún lákòókò yẹn, bí ó ṣe máa ń ṣe ní Ìlàjẹ Bàrígà, omi á dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé àwọn èèyàn.

Ọjọ́ Sunday, 10 oṣù Keje 2011, òjò tó rọ̀ ní Èkó pa èèyàn, ó sì gbé ọkọ̀ lọ. Iye mìlímítà tí wọ́n ń tọ́ka sí fún ọjọ́ yẹn wá láti ibùdó díẹ̀. Wọn kò lè fi í mọ ohun tó wọ gọ́tà Bàrígà gan-an ní wákàtí tó le jù. Ẹni tó fẹ́ gbẹ́ gọ́tà tuntun kò ní ohun mìíràn tó lè fi wọn ìbú rẹ̀ ju ìfojúbù lọ.

Wíwọn nìkan kò tó. Iye náà gbọ́dọ̀ jáde. Àsọtẹ́lẹ̀ tí NiMet ń ṣe lọ́dọọdún nípa ìgbà òjò wúlò, ìkìlọ̀ wọn sì ti gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ àkọsílẹ̀ òjò ọjọ́ pípẹ́ gbọ́dọ̀ kọ̀wé bèèrè, ó sì lè ní láti sanwó. Amẹ́ríkà kì í gbowó lórí tirẹ̀. ECMWF tó ti ń ta tirẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní 2022, nígbà tó sì di oṣù Kẹwàá 2025, ó ṣí gbogbo àsọtẹ́lẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Abájọ tó fi jẹ́ pé ìṣirò ará Reading ni ọmọ Palmgrove ń rí lórí fóònù rẹ̀, tí kò sì rí ìwọ̀n òjò tí ọmọ Nàìjíríà fi owó orí tirẹ̀ ṣe ní Ìkẹjà. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Kí ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú àti ti ìdàgbàsókè Bàrígà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iléèwé díẹ̀ kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó dé, kí wọ́n lẹ iye ọjọ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí iléeṣẹ́ àyíká ìpínlẹ̀ Èkó bá sì tún fẹ́ gbé iṣẹ́ gọ́tà kan fún kọngílá ní agbègbè yìí, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn náà: mìlímítà mélòó ní wákàtí kan ni gọ́tà yìí máa gbà, inú ọgbà iléèwé wo ni wọ́n sì ti wọn òjò tí wọ́n fi ṣírò rẹ̀.