Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ará Ẹ̀gbá láti Key West

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi ní Abẹ́òkúta,

Mo gbọ́ pé ẹ ń béèrè ohun tí mo ń wá nísàlẹ̀ òkun lákòókò ìsinmi. Ẹ jàre. Ẹni tó bá mọ odò Ògùn nígbà òjò kì í fi omi ṣeré.

Inú ọkọ̀ ojú omi la ń gbé, lápá gúúsù Florida. Ibẹ̀ la ti ń jẹ, ibẹ̀ la ti ń sùn. Bílẹ̀ bá mọ́, a ó gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, a ó mòòkùn. Méjì-méjì là ń lọ, torí bí afẹ́fẹ́ ẹnìkan bá tán, ti ẹnìkejì ni yóò mí. Omi a máa tẹ etí ẹni mọ́lẹ̀. A ó di imú, a ó fẹ́ ẹ kí etí lè là. Àmọ́ gígòkè gan-an la máa ń ṣọ́ra fún jù. Bí èèyàn bá sáré gòkè, afẹ́fẹ́ tó ti wọnú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò hó bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, ó sì lè sọ ọ́ di arọ. Nítorí náà, bó bá ku nǹkan bíi mítà 5, a ó dúró fún ìṣẹ́jú 3.

Mo rí ìyùn, mo rí ẹja aláràbarà, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi kọ̀wé yàtọ̀ sí ìyẹn.

Ní ìwọ̀-oòrùn Key West ni ọkọ̀ ẹrú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Henrietta Marie, rì sí ní 1700, lẹ́yìn tó ti ta èèyàn dúdú tán ní Jàmáíkà. Nígbà tí wọ́n rí i ní 1972, ṣẹkẹṣẹkẹ̀ ló kún ibẹ̀, òmíràn kéré débi pé ọwọ́ ọmọdé nìkan ló lè gbà. Ní 1993, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tó ń mòòkùn gbé àmì ìrántí sísàlẹ̀ òkun níbẹ̀, wọ́n kọjú rẹ̀ sí Áfíríkà.

Ibojì wà létí òkun Key West náà. Ní 1860, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà gba èèyàn 1,432 lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú mẹ́ta: Wildfire, William àti Bogota, wọ́n sì kó wọn wá sí Key West. Nǹkan bí 295 kú síbẹ̀. Wọ́n kó àwọn tó kù lọ sí Làìbéríà. Ouidah, èbúté kan ní etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ni Bogota ti gbéra. Ìjọba Dàhọ̀mì ló ń ta èèyàn níbẹ̀, Dàhọ̀mì kan náà tí àwọn baba wa lé padà lẹ́yìn odi Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864. Ọdún 1860 yẹn náà ni ọkọ̀ ẹrú Clotilda kó nǹkan bí 110 èèyàn láti Ouidah lọ sí Alabama. Kossola, tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis, wà lára wọn. Ọmọ Yorùbá ni. Ó wà láyé títí di 1935, ẹkún ilé ló ń sun.

Ọmọ Yorùbá mìíràn, Ajayi Crowther, tí wọ́n mú lẹ́rú ní 1821, rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846. Ṣùgbọ́n àwọn tó sùn létí òkun yìí kò rí ẹnì kankan.

Mo bẹ̀ yín, yálà Aké lẹ wà, Òkè-Ọnà, Gbágùúrá tàbí Òwu: ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà agboolé yín, ta ni ogun kó lọ tí kò padà? Ẹ kọ orúkọ wọn àti oríkì wọn sílẹ̀, ẹ gbà á sórí fóònù, kí ẹ sì ṣe é lọ́dún yìí.

Èmi ni ọmọ yín ní òkè-òkun.