Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Nínú Àpótí Funfun

Bí ìgbà ijó bá ti súnmọ́ ní Kétu, ìlú tí ọ̀pọ̀ ìtàn gbà pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀, àwòrán ère a máa pọ̀ káàkiri: lára aṣọ ẹgbẹ́, lára ìwé ìkéde, lórí WhatsApp. Ohun kan ni ó ń dùn wá nínú wọn. Ère tí a fi ọgbọ́n gbẹ́ a dúró sí àárín àpótí funfun, bí ẹni tí wọ́n tì mọ́ yàrá. Ì báà ṣe aṣọ aró ni ẹgbẹ́ dá, àpótí náà kò ní ṣàì bá a débẹ̀.

Àwọ̀ ni funfun. Kì í ṣe òfìfo. JPEG, irú àwòrán tí ọ̀pọ̀ fóònù ń yà, kò mọ òfìfo rárá: ibi tí ẹ bá gé kúrò, àwọ̀ kan ni yóò fi dí i. PNG, tí ó jáde ní 1996, lè fi nǹkan kan kún àwọ̀ píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, èyíinì ni bí ó ṣe hàn tó: láti 0, tí ojú kò rí, dé 255, tí ó hàn gedegbe. Ohun tí ó bá wà láàárín yóò dà bí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ń wo ẹ̀yìn rẹ̀.

GIMP ni a fẹ́ràn fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, ó sì ní èdè Faransé. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Berkeley, Spencer Kimball àti Peter Mattis, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1995. Ẹ ṣí fọ́tò yín, ẹ mú irinṣẹ́ « Chemins », kí ẹ máa tẹ àmì tẹ̀ lé etí ère títí ẹ ó fi padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá tẹ « Entrée ». Ọ̀pọ̀ ènìyàn a pa ìyókù rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Àwa kò gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sí « Calque », « Masque », « Ajouter un masque de calque », kí ẹ yan « Sélection ». (Ó dùn mọ́ wa pé « masque » ni Faransé pè é: a ń da ìbòjú bo ìbòjú.) Dúdú lórí rẹ̀ ń fi nǹkan pamọ́, funfun ń mú un hàn, fọ́tò fúnra rẹ̀ kò sì bàjẹ́.

Ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí. Lórí ọ̀pọ̀ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ejò ń lọ́, ẹyẹ ń bá a jà, agbẹ́gilére sì ti gbẹ́ àlàfo sáàárín wọn. Bí ẹ bá gé etí òde nìkan, ògiri tí ó wà lẹ́yìn yóò ṣì máa yọjú láti inú àwọn àlàfo náà. Ẹ fi « Pinceau » kékeré kun wọ́n ní dúdú, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkejì wúwo ju èyí lọ. Àwọn ọ̀dọ́ a máa gé ère ní ọrùn, kí ó lè jẹ́ àmì kékeré tí ó wuyì. Bẹ́ẹ̀, ọ̀já àti gèlè tí àwọn obìnrin yá oníjó ni ó wà nísàlẹ̀ ọrùn. Ọkùnrin ní ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àwọn ìyá wa ni a ń jó o fún, aṣọ wọn sì ni ipa tiwọn tí ojú ń rí lára oníjó. Nígbà tí UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001, tí wọ́n sì fi í sínú àkójọ wọn ní 2008 ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò, àṣà àfẹnusọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wọ́n kọ sílẹ̀, kì í ṣe igi nìkan. Bí ẹ bá ti fi aṣọ náà pamọ́, ẹ tẹ « Aucune » lábẹ́ « Sélection », kí ẹ fi funfun kùn ún padà. Etí aṣọ kì í gún bí etí igi. Ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì tí etí rẹ̀ rọ̀.

Lẹ́yìn èyí, « Fichier », « Exporter sous », kí orúkọ fáìlì parí sí .png. Bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ sí atẹ̀wé bíi fọ́tò lórí WhatsApp, yóò di JPEG, àpótí yóò sì padà. Bíi « Document » ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ tọ́jú fáìlì .xcf pẹ̀lú, nítorí inú rẹ̀ ni ìbòjú náà wà.