Ọmọ Tí Ó Nílò Ìrànlọ́wọ́ Kì í Ṣe Ohun Ìfipamọ́

Yorùbá a máa pe abuké, aràrá àti àfín ní ẹni òrìṣà. Èèwọ̀ ni láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ìtìjú tí àwọn òbí Yorùbá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń bo ọmọ tí ìwé kíkà tàbí ọ̀rọ̀ sísọ nira fún mọ́lẹ̀ kò bá àṣà náà mu rárá. Òfin ọdún 2014 ibẹ̀ fún òbí fúnra rẹ̀, kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ nìkan, ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n yẹ àìní ọmọ wò. Láàárín ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n gbọ́dọ̀ fèsì. Bí ètò ìrànlọ́wọ́ bá tọ́ sí ọmọ náà, ó yẹ kí ó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ 20, bí ó tilẹ̀ sábà máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn wà. Ṣùgbọ́n òbí tí kò kọ lẹ́tà kankan kò ní ìdáhùn tí yóò pe ẹjọ́ lé lórí, ọdún ẹ̀kọ́ ọmọ sì ń lọ.