Ọwọ́ Kan Kò Gbẹ́rù Dórí

Àwọn àgbà ní ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń fi òwe yìí sọ ni pé ká wá olùrànlọ́wọ́. Òótọ́ ni, àmọ́ ìdajì ọgbọ́n inú rẹ̀ nìyẹn. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá ń gbé e sókè tí tòsì kò bá a ṣe é pọ̀, ẹrù á dà nù.

Ẹ wo ìkànnì ayélujára lọ́jọ́ tí èsì ìdánwò bá jáde. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ á ya lù ú lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ìyẹn sáfà, ló ń dá wọn lóhùn, kò ní pẹ́ dákú. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń fi reverse proxy síwájú: òun ló ń gba gbogbo ìbéèrè, tó sì ń pín wọn fún àwọn sáfà tó wà lẹ́yìn. Nginx, tí Igor Sysoev ará Rọ́ṣíà gbé jáde ní 2004, jẹ́ ọ̀kan tó gbajúmọ̀.

Bí a kò bá pàṣẹ mìíràn fún un, yíyípo ló máa ń pín in, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún sáfà kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá lágbára jù, a ó kọ weight=3 sí i, kó lè gba mẹ́ta níbi tí èkejì ti ń gba ẹyọ kan. Èyí tó bá kùnà, á yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10 kó tó tún dán an wò.

Ìpín tí kò gún tún wà o. Ìlànà ip_hash nínú Nginx máa ń dá àlejò kan náà padà sọ́dọ̀ sáfà kan náà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú àdírẹ́sì IPv4 ló ń wò. Bí ilé iṣẹ́ fóònù bá kó èrò púpọ̀ sábẹ́ àdírẹ́sì kan, gbogbo wọn á rọ́ lu sáfà kan, àwọn yòókù á káwọ́ gbera. Ìlànà least_conn, tó ń wá sáfà tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kéré jù, sàn níbẹ̀, bí àkọsílẹ̀ ẹni tó ti wọlé bá wà níbi tí gbogbo sáfà ti lè rí i.

Ibi tó ń dùn mí jù ni pé ọ̀pọ̀ á ní sáfà márùn-ún lẹ́yìn, àmọ́ reverse proxy, ìyẹn apínṣẹ́, kan ṣoṣo níwájú. Lọ́jọ́ tó bá ṣubú, ara àwọn márààrún á le koko, ọ̀nà kò sì ní sí dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọwọ́ kan náà la ṣì ń lò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó ìkànnì aráàlú, ẹ fi èkejì ti apínṣẹ́ yín lẹ́yìn. Ètò Keepalived lè gbé àdírẹ́sì fún un bí àkọ́kọ́ bá kú. Kí ẹ sì mọ̀ọ́mọ̀ pa àkọ́kọ́ lọ́jọ́ tí èrò kò pọ̀, kí ẹ fojú ara yín rí i pé èkejì gbà á.